Ṣé kí n san owó tíkẹ́ẹ̀tì White Sox fún odindi sáà 2026?

Bàbá Ayọ̀ (Chicago)
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, bésíbọ́ọ̀lù ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀, White Sox ti South Side níbí ló sì yàn láàyò. Mi ò mọ ẹni tó sà sí i. Lọ́dún 2023, ìgbà 101 ni wọ́n nà wọ́n. Lọ́dún 2024, nínú ìdíje 162, wọ́n pàdánù 121. Láti 1901 kò sí ẹgbẹ́ tó tíì jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní sáà kan. Lọ́dún tó kọjá, 2025, wọ́n pàdánù 102. Òun náà ló wá ní kí n san owó tíkẹ́ẹ̀tì odindi sáà fún àwa méjèèjì, pé tí wọ́n bá ti ń borí tán, apá wa ò ní ká a mọ́.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, owó náà ò sì kéré. Wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀ǹda Luis Robert Jr. fún New York Mets ní January 2026 yìí. Ọmọ ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ tó ń ta ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá, ṣé irú wọn náà ń múra àtigòkè ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ eré yìí, ẹ la ojú mi.

Ìyá Ìbejì
Bàbá Ayọ̀, 102 ni wọ́n pàdánù, ẹ sì ń béèrè? Ẹ fowó yẹn ra kóòtù fún ọmọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Chicago)
Ìyá Ìbejì, ẹ rọra o 😂

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n mú un látorí Robert. Ọmọ yẹn mọ eré, àmọ́ gbogbo ìgbà ló ń fara pa, owó rẹ̀ fún ọdún yìí nìkan sì jẹ́ 20 mílíọ̀nù dọ́là. Mets gbé e, wọ́n fi Luisangel Acuña àti ajubọ́ọ̀lù kan tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ṣe pààrọ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lẹ rí, ẹ máa bínú lóòótọ́.

Ti Garrett Crochet ni kẹ́ ẹ wò. Ọlọ́wọ́ òsì ni, kò sí ajubọ́ọ̀lù tó tó o nínú ẹgbẹ́ wa. Ní December 2024, Chris Getz, ọ̀gá tó ń ra tó ń tà níbẹ̀, yọ̀ǹda rẹ̀ fún Boston. Gbogbo wa la pariwo. Boston sì ń jẹ̀gbádùn rẹ̀ títí di báyìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wọ́n rẹ́ Boston jẹ. Àmọ́ ọmọ mẹ́rin la gbà. Kyle Teel, tó ń lóṣòó mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn igi, àti Chase Meidroth ti ń gbá fún wa láti ọdún tó kọjá. Braden Montgomery ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni kẹrin ni ajubọ́ọ̀lù kan, Wikelman González.

Montgomery méjì ló wà o, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Colson Montgomery ni èyí tó yẹ kí Ayọ̀ máa pariwo orúkọ rẹ̀. Ní April 2025, ó ń gbá a ní líìgì kékeré ní Charlotte, afẹ́fẹ́ ló sáà ń fi igi lù. Wọ́n mú un kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kó lọ sí Arizona lọ tún bó ṣe ń ju igi ṣe. Ó dé ẹgbẹ́ ńlá ní July, kí sáà tó parí ó ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri nígbà 21, nínú ìdíje 71 péré! Èmi tí mo ti ń wò wọ́n látìgbà tí wọ́n gba ife lọ́dún 2005, mi ò tíì rí ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn.

Shane Smith náà ńkọ́? Òfin kan wà tó gbà yín láyè kẹ́ ẹ mú ọmọ ẹlòmíì tí kò sí lórí ìwé ẹgbẹ́ ńlá wọn, bẹ́ ẹ bá lè fi í sínú ẹgbẹ́ ńlá tiyín fún odindi sáà. Bá a ṣe mú un ní Milwaukee nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, ó wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ìdíje All-Star, ti àwọn tó mọ eré jù lọ.

Àgbà Houston
Bàbá Ayọ̀, àbúrò mi, Houston ni mò ń gbé, ojú mi sì ti rí irú ẹ̀. Astros, ẹgbẹ́ wa níbí, pàdánù ju 100 lọ ní 2011, 2012 àti 2013. Ti 2013 yẹn, 111 ni. Àwọn èèyàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2017 a gba World Series, ife tó ga jù nínú eré yìí. Torí náà, ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ lè dìde.

Ṣùgbọ́n má gbọ́ràn sí àwọn tó ní ẹni àkọ́kọ́ nínú draft, ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, ni yóò tún ayé ṣe. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ borí kèké ní December, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mú ọmọ ní July yìí. Ó dáa. Carlos Correa la mú ní 2012, ó wúlò. Ní 2013 a mú Mark Appel, kò gbá ìdíje ńlá kan ṣoṣo fún wa. Ẹni tá a mú ní 2014, Brady Aiken, a ò tilẹ̀ rí àdéhùn bá a ṣe.

Bàbá Ayọ̀
Ẹ ṣé, sà. Ayọ̀ ń ka gbogbo rẹ̀ léjìká mi. Ó ní kí n bi yín nípa ará Japan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Munetaka Murakami! Lọ́dún 2022, ó gbá họ́ọ̀mù-rọ́ọ̀nù (bọ́ọ̀lù tó kọjá ògiri) 56 ní Japan. Ọdún méjì, 34 mílíọ̀nù dọ́là. Ìdí tí owó rẹ̀ ò fi ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ó máa ń fi igi lu afẹ́fẹ́ jù, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ẹgbẹ́ ńlá pé àwọn ajubọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà máa fojú rẹ̀ rí màbo. Ní tèmi, ó yẹ ká dán an wò.

Ibi tó ń dùn mí ni owó. Àdéhùn tó tóbi jù tí ẹgbẹ́ yìí tíì bá agbábọ́ọ̀lù ṣe rí ni ti Andrew Benintendi, 75 mílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún. Boston fún Crochet tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ní 170! Bàbá Reinsdorf tó ni ẹgbẹ́ láti 1981 ti ń lọ sí 90 ọdún. Òun àti olówó kan, Justin Ishbia, ti jọ ṣàdéhùn pé Ishbia lè gbà á, àmọ́ ó di 2029 ó kéré tán. Tí àwọn ọmọ yìí bá dàgbà tán tí wọ́n fẹ́ owó gidi, ta ló máa san án? Ìbéèrè tèmi nìyẹn, kì í ṣe ti Robert.

Torí náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ má san ti odindi sáà. Wọ́n ṣì máa pàdánù ju ìdajì lọ lọ́dún yìí, tíkẹ́ẹ̀tì ò sì ní wọ́n yín títí ọdún á fi parí. Ẹ máa mú Ayọ̀ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday tẹ́ ẹ bá ti sùn díẹ̀. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Sox–35th lórí ọkọ̀ ojú irin Red Line, ẹ rìn wọlé. Ẹ fi àwòrán Póòpù Leo tó wà níbẹ̀ hàn án, ọmọ ìlú wa ni, òun náà sì jókòó síbẹ̀ wo ìdíje ife ti 2005.

Ìyá Ìbejì
Póòpù náà ń ti White Sox lẹ́yìn? Àdúrà yẹn ò mà gbà ní 2025 o.

Bàbá Ayọ̀
😂 Mo ti gbọ́. Ìyá rẹ̀ náà ti fọwọ́ sí i: ìdíje mẹ́fà, Sunday nìkan. Ayọ̀ ní àfi kí èyí àkọ́kọ́ wà ní April.

Ọmọ Ẹ̀gbá
April? Ẹ ra kóòtù tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn o.