Ṣé kí n fi owó àjọ ra oúnjẹ sílẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìnáwó ilé o.

Ìbàdàn là ń gbé: èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023 ni owó ọkọ̀ ti lọ sókè, oúnjẹ náà sì tẹ̀ lé e. Owó tó ń bọ́ wa lóṣù kan tẹ́lẹ̀ kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì mọ́.

Ìrẹsì ti di ti ọjọ́ Àìkú nìkan. Mo máa ń sá tòmátò àti ata nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá pọ̀, mo sì gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìn ilé. Pọ̀nmọ́ ti gba ipò ẹran. Ẹyin àwọn ọmọ nìkan ni ọkàn mi ò gbà kí n yọ.

Màá kó àjọ lóṣù yìí, ₦120,000. Ìyá kan ládùúgbò ní ká jọ lọ sí Bódìjà, ká ra ẹ̀wà àti gààrì lápò, ká pín in, torí kóńgò-kóńgò tí mò ń rà ń gbọ́n mi lówó lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, kòkòrò sọ ẹ̀wà tí mo tọ́jú di ìyẹ̀fun, ó dùn mí dọ́kàn. Owó iléèwé àwọn ọmọ ni mo sì torí ẹ̀ dá àjọ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ṣé kí n fi owó yìí ra oúnjẹ lápò, àbí kí n ṣì máa ra kóńgò-kóńgò?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.