Eṣinṣin ń yọ kúrò nínú píúpà kí n tó rí i yà

Ayàwòrán-kòkòrò:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láti ya àwòrán eṣinṣin bí ó ṣe ń yọ kúrò nínú píúpà, ìyẹn èèpo líle tí ìdin máa ń wà nínú rẹ̀ kí ó tó di eṣinṣin, pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Lánàá, mo jókòó ti kámẹ́rà láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú kí n tó lọ sùn. Nígbà tí mo jí, eṣinṣin ti wà lára ìdérí ìgò, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, èèpo òfìfo ni ó ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ojú rẹ̀, ìyẹn àmì dúdú méjì kan, ni mo sì dojú lẹ́ńsì kọ. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé àkókò ti tó?

Olùṣọ́-ìdin:
Ẹ kú sùúrù. Àmì méjì yẹn kì í ṣe ojú rárá. Ihò tí ìdin fi ń mí ni, ìdí ni ó sì wà. Ìpẹ̀kun kejì, níbi tí orí wà, ni kí ẹ dojú kọ. Èèpo náà a máa pọ́n, a sì máa dúdú sí i bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Bí ooru bá wà, ọjọ́ díẹ̀ ni eṣinṣin ilé ń lò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lè lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ tètè máa jí, nítorí àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn láti yọ.

Ojú-lẹ́ńsì:
Èmi kò gbára lé àwọ̀ nìkan. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí orí èèpo náà po ni mo máa ń wò, torí ibẹ̀ ni yóò ti ṣí bí ọmọrí ìkòkò. Eṣinṣin kò ní eyín tí yóò fi gé e. Àpò rírọ̀ kan ni ó wà níwájú orí rẹ̀, tí ó ń ti oje ara sínú rẹ̀, tí àpò náà á wú bíi bàlúùnù, á rọlẹ̀, á tún wú, títí ọmọrí yóò fi ṣí. Fídíò ni kí ẹ fi gbà á, nítorí bí àpò yẹn bá ti wọlé padà tán, àpá rẹ̀ tí ó tẹ̀ bí ọrun lókè ìwo nìkan ni ẹ óò máa rí.

Ayàwòrán-kòkòrò:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀kan tí mo bá lẹ́yìn tí ó yọ, ìyẹ́ rẹ̀ ká jọ, ara rẹ̀ sì ràndánràndán. Ṣé abirùn ni?

Ojú-lẹ́ńsì:
Rárá o. Yóò gbé afẹ́fẹ́ mì, ìyẹ́ náà yóò sì nà. Ẹ má ṣáà fọwọ́ kàn án, nítorí eṣinṣin tí a bá ń dà láàmú kì í tètè na ìyẹ́.