Nígbà Tí Àníyàn Bá Ń Jí Èèyàn Láàrin Òru

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Ìlọrin àti gbogbo ọmọ Kwara. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe tí ọkàn ò balẹ̀, tí oorun sì ti ń sá, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí bá àníyàn òru jà. Àárín Àlàásárì sí Mọ̀gáríbì ló dáa jù, torí àsìkò oorun ṣì jìnnà.

Ẹ gbé àga síta, ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ọmọléèwé kan àti bírò ti tó. Ẹ fi ìlà pín ojú ewé sí méjì. Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín ká sápá òsì, kí ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín ò ká sápá ọ̀tún, bí iye tí wọ́n ń ta epo bẹntiróòlù. Ẹ ṣètò fóònù kó dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20. Tó bá ti dún, ẹ pa ìwé dé.

Apá òsì ló sábà máa ń dàrú. Èèyàn á kọ "owó ilé-ìwé àwọn ọmọ" síbẹ̀, á wá máa wò ó. Ìyẹn tóbi ju ohun tí ọjọ́ kan lè gbé lọ. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni: "Lọ́la, aago mẹ́wàá, lọ bá akápò ilé-ìwé, bẹ̀ wọ́n kí n san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ẹni tí ẹ fẹ́ rí, ibi tí ẹ ó ti rí i, àsìkò. Apá ọ̀tún, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ má sún ìwé kíkọ yìí di ẹ̀yìn Ìṣáì o, torí ọ̀rọ̀ téèyàn kọ kẹ́yìn á bá a wọ yàrá.

Tí àníyàn bá ṣì jí yín ní aago méjì òru, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bíi "gbèsè", sórí pépà ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, ó di Àlàásárì ọ̀la nìyẹn. Tí oorun ò bá padà lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ lọ jókòó ní pálọ̀, kí iná má mọ́lẹ̀ jù, kí fóònù wà níbòmíì. Ìgbà tí oorun bá ń kùn yín ni kí ẹ padà. Ìpè Àsùbáà ni kó jí yín, bí oorun ò tiẹ̀ tó. Ẹni tó bá sùn di aago mẹ́sàn-án torí òru àná ti ń ná oorun alẹ́ tó ń bọ̀.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti obì kún un. Obì tí wọ́n ń jẹ nídìí òfì àti nínú takisí, kaféènì wà nínú ẹ̀ bó ṣe wà nínú kọfí. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Ẹni tó bá jẹ obì lẹ́yìn Mọ̀gáríbì, tí àyà ẹ̀ wá ń já lóru, kó fura sí obì yẹn. Àílà ni kí awẹ́ ìkẹyìn mọ.

Fún àyà tó ń lù kìkì, ẹ gbé ọwọ́ kan sórí àyà, èkejì sórí ikùn. Ẹ fi imú fa èémí, ẹ ka ení dé ẹ̀rin. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ ka ení dé ẹ̀fà. Ọwọ́ orí ikùn ló yẹ kó gbéra; tí èjìká bá ń lọ sókè, ẹ ti ń fà á jù. Àwọn tó ń mí fòò-fòò, òòyì á máa kọ́ wọn, ìka á máa ta wọ́n, ẹ̀rù á tún bà wọ́n sí i. Afẹ́fẹ́ káríbọ́ọ̀nù tí ara ṣì nílò ni wọ́n mí dànù. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì máa fi kọ́ra lọ́jọ́ tí ara balẹ̀.

—

Ọ̀rọ̀ yín dáa, ẹ̀yin àgbà, àmọ́ ibì kan wà tí ìwé àti èémí ò ní tó. Tí àìbalẹ̀ ọkàn yìí bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, tí ohun tó ń dùn mọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oúnjẹ àti oorun dàrú, ilé ìwòsàn ló kàn. Tí ẹni náà bá ń sọ pé ó sàn kóun kú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ, kí ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pe ẹni tó lọ síbẹ̀ ní wèrè.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí dókítà bá fún èèyàn kì í yá bí oògùn orí fífọ́. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ìyàtọ̀ tó hàn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù, nígbà tí èébì ṣì ń gbé wọn. Ẹlòmíì, bí ara bá ti yá, á dá a dúró lójijì, àìsàn á sì padà. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oògùn oorun tí wọ́n ń dá rà ní kẹ́mísì lè di bárakú láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹni tí ẹ jọ ń sùn nílé bá yín lọ, torí ó mọ ohun tí ojú yín ń rí lóru. Ẹ kó gbogbo oògùn dání, àgbo inú ìgò náà, pẹ̀lú ìwé onílà méjì yẹn.