Irin sódà wo ni kí n fi rọ́pò 60 wáàtì mi tó kú?

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Irin sódà mi, 60 wáàtì tí a kàn ń kì bọ iná, ti kú. Mítà fi hàn pé wáyà inú rẹ̀ ti já. Rédíò àti kíìtì kéékèèké ni mò ń fi ṣe nílé, kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi. Kó tó kú, ó máa ń ṣí ojú bàbà (ibi tí a ń sódà ẹsẹ̀ ẹ̀yà mọ́) kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì rédíò. Ṣé 100 wáàtì ni kí n rà báyìí, àbí èyí tó ní bọ́tìnì tí a fi ń yan ìgbóná? Iná kì í dúró ládùúgbò wa.

Baba Rédíò: Àbúrò, má ra 100 wáàtì yẹn, èyí tó ní bọ́tìnì ni kí o rà. Wáàtì kọ́ ló ń ṣí ojú bàbà, àìsí ohun tó ń ká ìgbóná lọ́wọ́ kò ni. Irin tí a kàn kì bọ iná kò mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lè kọjá 400 dígíríì Celsius, gọ́ọ̀mù abẹ́ bàbà á sì tú.

Lẹ́ẹ̀dì (wáyà tí a ń yọ́ fi sódà) 63/37, tó ní tánganran 63 àti òjé 37 nínú ọgọ́rùn-ún, ń yọ́ ní 183 dígíríì. Tí o bá fi irin sí 320 sí 350, ó tó. SAC305, ìyẹn lẹ́ẹ̀dì tí kò ní òjé, ń yọ́ láti 217, fi ìyẹn sí 350 sí 380. Bí lẹ́ẹ̀dì bá kọ̀ tí kò yọ́, má tíì gbé ìgbóná sókè, pààrọ̀ ẹnu irin ná. Ẹnu tó mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ kì í fara kan ibi tó pọ̀, ooru kì í ráyè kọjá. Èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ, tó fẹ̀ tó 2.4 mm, ló bá iṣẹ́ rédíò mu jù.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Nítorí ọ̀rọ̀ iná, mo fara mọ́ irin tó ń lo DC (iná bátìrì tàbí ti ṣájà), bíi Pinecil tàbí TS101. Ṣùgbọ́n wo fólítì dáadáa. Ẹnu irin wọn máa ń tó 8 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́): bátìrì 12 fólítì á fún un ní 18 wáàtì péré, ṣájà laptop 19 fólítì á fún un ní 45, 24 fólítì á fún un ní 72. Pẹ̀lú 12 fólítì, á gbóná, á sódà ẹsẹ̀ resistor, àmọ́ tó bá kan ẹsẹ̀ transformer tó nípọn, tó ń fa ooru, ṣe ló máa tutù mọ́ ọn lára. Ṣájà fóònù lásán tó ń gbé 5 fólítì jáde kò lè gbé e rárá; USB-C PD (ṣájà tó lè gbé fólítì rẹ̀ ga ju 5 lọ) 65 wáàtì ni kí o wá.

Bí ṣájà bá jẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí kò ní wáyà ilẹ̀, iná díẹ̀ máa ń jò dé ẹnu irin. Fún MOSFET (irú transistor tí iná díẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè bà jẹ́), bátìrì ni kí o lò.

Oníwáyà: Ẹni tó bá ní ínfátà, tábìlì kan ṣoṣo ló sì ti ń ṣiṣẹ́, irin tó ní àpótí tí a ti ń yan ìgbóná rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju DC lọ. Hakko FX-888D dára, 70 wáàtì, ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, mú èyí tó ń lo ẹnu irin T12, má mú ti 900M. Inú 900M, àlàfo máa ń wà láàárín ohun tó ń gbóná àti ẹnu irin, ooru á máa pẹ́ kó tó dé. T12 so méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

Mú mágínẹ́ẹ̀tì àti mítà dání lọ sọ́ọ̀bù. Bí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá fa ẹnu irin, bàbà lásán ni wọ́n kùn. Láti ẹnu irin dé ẹsẹ̀ ilẹ̀ púlọ́ọ̀gì, mítà kò gbọdọ̀ ka ju 2 ohm lọ.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an, T12 ni mo máa wá nítorí ínfátà wà. Ṣé mo ṣì lè máa fi fáìlì ha ẹnu rẹ̀ bíi ti àtijọ́?

Baba Rédíò: Rárá o! Bàbà gidi ni ti àtijọ́. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo bàbà ti èyí. Bí fáìlì bá ti ha á kúrò, lẹ́ẹ̀dì á jẹ bàbà inú rẹ̀ wọ ihò. Wáyà bíráàsì ni kí o fi máa nù ún, kí o sì fi lẹ́ẹ̀dì bo ẹnu rẹ̀ kí o tó pa á. Bó bá dúdú, sọ ọ́ kalẹ̀ sí 300, fi lẹ́ẹ̀dì tó ní rosin (oje igi tó ń fọ ojú irin) nínú bò ó, nù ún, tún bò ó, títí yóò fi dán. Pésìtì tí wọ́n fi ń jó páìpù omi kò gbọdọ̀ débẹ̀: ásíìdì inú rẹ̀ á jẹ ẹnu irin, á tún jẹ ẹsẹ̀ IC (ẹ̀yà dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀) lórí pánẹ́ẹ̀lì.