Ìbìlù kì í ṣe ariwo: ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò fún afẹ́fẹ́ tó ń dààmú ọlọ́kadà

Láti Kábà:

Okun o, Ẹ̀gbọ́n. Mo kí gbogbo ilé.

Ẹ dábàá pé kí a fi “ariwo afẹ́fẹ́” pe ohun méjèèjì tó ń bá ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ́nà jíjìn fínra: híhó tó ń wọ etí lábẹ́ akoto tí ọlọ́kadà ń dé sórí, àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ju orí ẹni sọ́tùn-ún sósì. Ẹ ní afẹ́fẹ́ kan náà ló bí méjèèjì, pé orúkọ kan tó wọn. Ará wa tó wà ní Ìsánlú fara mọ́ ọn pé kó jẹ́ ẹyọ kan, àmọ́ “ìjà atẹ́gùn” ló wù ú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n ta kò ó. Ohun méjì ni wọ́n. Ohun tó ń wo ọ̀kan sàn kì í wo èkejì, ẹni tí a bá sì fún ní orúkọ kan ṣoṣo yóò ra oògùn eléyìí lọ tọ́jú tọ̀hún.

Etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ ohun tó bá ń gbọ̀n ní iye tó dín ní nǹkan bí ìgbà 20 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá mú gíláàsì iwájú ọ̀kadà tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 40. Bí ọ̀kadà bá ń sá ní kìlómítà 80 láàrin wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá létí gíláàsì náà á máa já sí ìyípo-ìyípo, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, nǹkan bíi 11 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ìyípo wọ̀nyẹn ló ń gbá akoto. Etí kò mọ̀ pé wọ́n kọjá. Ọrùn ló mọ̀, ojú náà sì mọ̀: òpó iná á dà bíi méjì, àkọlé ara pátákó ojú ọ̀nà kò ní ṣeé kà. Ẹni tó bá wá ń fi fóòmù dí etí nítorí kí ọrùn má bàa dùn ún, owó rẹ̀ ti wọ igbó.

Ariwo ní tirẹ̀, etí gan-an ló ń jẹ. Àwọn tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n nínú akoto tó bo gbogbo orí rí nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́lì (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó) 90 ní kìlómítà 60 láàrin wákàtí kan, àti bíi 110 ní kìlómítà 160. Ìlànà NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni pé wákàtí 8 ni ènìyàn lè fi wà nínú dẹ̀síbẹ́lì 85 lójúmọ́, pé bí ó bá ti fi 3 lé sí i, kí àsìkò náà já sí ìdajì. Dẹ̀síbẹ́lì 94, wákàtí 1 péré ni. Ẹni tó bá gbéra ní Kábà, tó gba Ọbájánà dé Lọ́kọ́jà, lè ti kọjá iye náà kó tó sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí gíláàsì iwájú tó lè gba etí rẹ̀ là tán.

“Ìbìlù” ni mo dá lábàá fún gbígbá orí. Bìlù la máa ń sọ nígbà tí omi tàbí afẹ́fẹ́ bá ń kọlu nǹkan, tó ń padà, tó tún ń kọlù ú. Kíkọlù léraléra yẹn ni ọ̀rọ̀ náà gbé lọ́wọ́, òun náà sì ni ìṣòro tí à ń wí. “Ìjà atẹ́gùn” kò sọ ọ́. Ohun tó tún burú nínú rẹ̀ ni pé ó sọ atẹ́gùn fúnra rẹ̀ di ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn tí nǹkan kan kò tíì dí lọ́nà kì í bìlù ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo odò tó ń ṣàn bá òkúta. Kó tó dé ibi òkúta, ó ń lọ geere. Lẹ́yìn òkúta, ó ń yí, ó ń pọ́n, ó ń gbé ewé padà sókè. Mo fẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ omi yìí lò: afẹ́fẹ́ títòrò fún èyí tó ń lọ geere, afẹ́fẹ́ rírú fún èyí tó ń yí lẹ́yìn nǹkan.

Ọ̀kadà tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, irú Bajaj Boxer, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní gíláàsì iwájú. Afẹ́fẹ́ títòrò ló ń bá ẹni tó gùn ún. Ó ń ti àyà, ó ń ti orí sẹ́yìn, ó sì le: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ènìyàn á di ìlọ́po mẹ́rin. Síbẹ̀ títì ni, kì í ṣe bíbìlù. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí á fara dà á.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tàbí tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ni yóò wá lọ so gíláàsì mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà. Gíláàsì náà ga dé iwájú àgbọ̀n. Àyà rọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ etí òkè gíláàsì yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń já, ibi tó sì ń já sí gan-an ni akoto wà. Ó lọ ra èyí tó ga jù ú lọ díẹ̀, ìbìlù tún le sí i. Ìdí nìyẹn tí “asà afẹ́fẹ́” tí ẹ fi pe gíláàsì náà kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Asà a máa dá nǹkan dúró, bó bá ṣe tóbi tó ni ààbò rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Gíláàsì yìí kò dá afẹ́fẹ́ dúró, ọ̀nà ló yí fún un. “Gíláàsì iwájú” tí àwọn ọlọ́kadà ń sọ láti ọjọ́ yìí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike ni.

Kí ọlọ́kadà tó tú nọ́ọ̀tì kankan, kí ó wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí ọkọ̀ kò pọ̀ lórí rẹ̀. Kí ó máa lọ ní kìlómítà 60, ọwọ́ méjèèjì lórí ọwọ́ ọ̀kadà, kí ó rọra gbé ìdí kúrò lórí síìtì ní bíi sẹ̀ntímítà 10. Kí ó jókòó padà, kí ó wá tẹ̀ síwájú kí àgbọ̀n rẹ̀ sún mọ́ táǹkì, láìgbé ojú kúrò lọ́nà. Bí orí bá dúró jẹ́ẹ́ nígbà tó gbé ìdí sókè, afẹ́fẹ́ títòrò wà lókè, kí gíláàsì relẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tó tẹ̀ síwájú ló rọ̀, gíláàsì ti kúrú jù fún un. Lójú tèmi, rírẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ló dára jù lọ́nà tiwa, nítorí ojú gbọ́dọ̀ máa wo ọ̀nà lókè gíláàsì. Eruku ọyẹ́ àti iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lálẹ́ á sọ èyí tó bo ojú di ewu.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ mekáníìkì kì í kà sí. Afẹ́fẹ́ a máa fúyẹ́ lẹ́yìn gíláàsì, àlàfo náà a sì máa fa èyí tó ń kọjá lókè wálẹ̀ sórí ẹni tó jókòó. Bí ìsàlẹ̀ gíláàsì bá lẹ̀ mọ́ iná iwájú pinpin, fífà náà á le. Ẹ jẹ́ kí àyè sẹ̀ntímítà 2 sí 3 wà níbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ gbabẹ̀ wọlé láti dí àlàfo náà. Wáṣà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn gíláàsì, níbi bóòtì ìsàlẹ̀ méjèèjì, á ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ síwájú: àyè á là, gíláàsì á sùn sẹ́yìn sí i, etí òkè rẹ̀ á sì relẹ̀. Bóòtì lè kúrú lẹ́yìn tí wáṣà bá wọ̀ ọ́; èyí tí kò bá yọrí tán lára nọ́ọ̀tì, kí ó fi èyí tó gùn rọ́pò. Rọ́bà gbọ́dọ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn ike náà, kí ó má sì fi sípánà fún un pa, nítorí etí ihò ni ike ti ń sán. Lẹ́yìn náà kí ó yí ọwọ́ ọ̀kadà dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kó rí i pé gíláàsì kò kan táǹkì, kò sì fa wáyà. Ohun kan ṣoṣo ni kó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kó sì dán an wò lójú ọ̀nà kan náà, ní òwúrọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó gbéra.

Láti Ayétòrò ní Ìjùmú:

Àbúrò mi, okun. Mo gba ìbìlù, mo sì ti yọ ọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Ìyípo 11 yẹn ló yí mi lọ́kàn padà. Ohun tí etí kò gbọ́, a kò lè pè é ní ariwo. Asà náà, mo fi sílẹ̀ fún ọ.

Títòrò kò ní í ṣòro fún ará Ayétòrò láti gbà. Rírú ni mi ò tíì gbà. Èéfín ń rú, igi ń rúwé, ènìyàn ń rúbọ. Ọ̀rọ̀ náà ti ní ẹrù púpọ̀ lórí. “Afẹ́fẹ́ tó dàrú” ló yé ẹni tó wà ní gáréèjì láìbéèrè.

Ìwọ náà fi “híhó” pe ariwo inú akoto. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Etí híhó ni ohun tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ènìyàn ti sọ̀ kalẹ̀, tí ilé ti parọ́rọ́, tí nǹkan ṣì ń dún wìì nínú etí rẹ̀. Àmì pé etí ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Bí a bá fi orúkọ àìsàn pe ohun tó fà á, ẹni tó bá ní etí òun ń hó yóò rò pé bí ọ̀kadà ṣe ń rí nìyẹn. Kí “ariwo afẹ́fẹ́” dúró fún èyí tó ń wọlé, kí “etí híhó” dúró fún èyí tó kù.

Ẹnìkan fẹ́ kí a lo “àṣíborí” dípò akoto. Rárá o. Àṣíborí ti jagunjagun ni, akoto ló wà lẹ́nu ọlọ́kadà. Igbá jíjìn ni akoto látilẹ̀wá, mo sì mọ̀ pé nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn ọlọ́kadà ní Oṣù Kìn-ín-ní 2009, àwọn kan dé igbá gbígbẹ jáde ní tòótọ́. Ìyẹn kò ní ká gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ní ti ibi tí ariwo ń gbà wọlé, abẹ́ àgbọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Bath ní Ìlú Ọba wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé agbègbè àgbọ̀n akoto kó ipa tó pọ̀ nínú ohun tó ń dé etí. Aṣọ ọrùn tí a ká dáadáa, tí a ki etí rẹ̀ méjèèjì bọ inú ẹ̀wù, á dín in kù. Èyí tó bá ń fò lẹ́yìn lè há sínú ṣéènì. Ẹ má dí ibẹ̀ pa pátápátá, ooru á mú, èémí á sì bo gíláàsì ojú, èyí tó wà lára akoto.

Akoto tó tóbi ju orí lọ náà ń pariwo. Di akoto mú, yí i díẹ̀: awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Bí kò bá bá a lọ, tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ tàbí akoto náà kì í ṣe ìwọ̀n orí rẹ. Abẹ́ okùn àgbọ̀n kò gbọ́dọ̀ gba ju ìka méjì lọ. Fún gíláàsì ojú, ti bébà pẹlẹbẹ kan sí etí rẹ̀, pa á dé, fa bébà náà. Níbi tó bá ti yọ láìjanpata, rọ́bà ibẹ̀ ti kú.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, èdídí etí, fóòmù tí à ń ki bọ ihò etí, ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sí etí bí ẹni ń fi òwú dí ìgò, tí á sì yọ kí wọ́n tó rìn jìnnà. Fi ọwọ́ tó mọ́ ká fóòmù náà títí yóò fi tín-ín-rín. Gba ẹ̀yìn orí na ọwọ́ kejì, fa etí sókè àti sẹ́yìn kí ihò rẹ̀ lè gún, ki fóòmù bọ̀ ọ́, kí o fi ìka dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 títí yóò fi wú. Bí ìdí rẹ̀ bá yọ síta gbangba, kò tíì wọlé. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọn ò ní gbọ́ họ́ọ̀nù. Ó ń dín họ́ọ̀nù kù, ó ń dín ariwo afẹ́fẹ́ náà kù, nítorí náà họ́ọ̀nù ṣì ń yọ láàrin rẹ̀. Iyapíìsì tó ń kọrin kì í ṣe èdídí etí, ariwo ló ń fi kún ariwo.

Láti Kábà:

Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Mo gba etí híhó lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ tọ̀nà.

Rírú ṣì ni mo dúró lé. Ohun tó bá dàrú, ẹnìkan ló ń tún un ṣe. Ohun tó rú a máa tòrò fúnra rẹ̀ bí ọ̀nà bá jìn tó, bí afẹ́fẹ́ sì ti ń ṣe lẹ́yìn tírélà nìyẹn. Ẹni tó bá tẹ̀lé ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì láti Ọbájánà pẹ́kípẹ́kí, orí rẹ̀ á máa mì jìgìjìgì. Bó bá ti ń fà sẹ́yìn ni ìbìlù ń rọlẹ̀, títí kò fi ní í sí mọ́. Bí a bá sọ fún un pé afẹ́fẹ́ náà rú, ó ti mọ̀ pé kí òun fi àyè sílẹ̀ kó lè tòrò. Ti tírélà tó ń bọ̀ níwájú yàtọ̀: ẹ̀ẹ̀kan ló ń tini síta, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń fani wọlé, kò sí léraléra níbẹ̀. Kí ó fà sí ọ̀tún kí ó tó dé, kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó dẹ ìgbọ̀nwọ́. Mi ò ní pe ìyẹn ní ìbìlù.

Ti ẹni tó jókòó lẹ́yìn nìkan ló kù. Orí rẹ̀ sábà máa ń ga ju ti ẹni tó ń wà á lọ, ìbìlù sì ń bá a kódà lórí ọ̀kadà tí kò ní gíláàsì rárá, nítorí akoto ẹni iwájú ló ń já afẹ́fẹ́ fún un. Kó sún mọ́ ẹni iwájú kí àlàfo má sí láàrin wọn, yóò rọ̀ ọ́. Nítorí rẹ̀, nínú ìtumọ̀ ìbìlù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ “ohun tó wà níwájú”, ká má kọ “gíláàsì iwájú”.