Ilẹ̀ yàrá ìyá mi ń tutù, kò sì tẹ́jú: kí ni kí n ṣe kí n tó tẹ́ fáínìlì sí i?

Ìbéèrè, láti Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Mo fẹ́ tẹ́ fáínìlì onípákó, ìyẹn ohun ìtẹ́lẹ̀ oníke tí wọ́n gé bíi pákó, irú èyí tí ó máa ń há mọ́ra létí, sí yàrá tí ìyá mi ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, nítorí pé táìlì máa ń yọ̀, ọjọ́ orí wọn kò sì gba ìṣubú mọ́. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà àtijọ́ kúrò, a rí i pé kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ti dúdú fún ọ̀rinrin ní ìhà ẹ̀yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ ìta ti ga ju ti inú lọ. Ìyẹ̀fun funfun kan bí iyọ̀ ti yọ sí ìsàlẹ̀ ògiri, ọ̀dà sì ti ń ṣí níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ náà rì lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wú láàárín. Ẹni tó ta ọjà náà fún wa ní omi kò lè ṣe fáínìlì ní nǹkan kan, pé kí a ṣáà tẹ́ ẹ. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá kan, ìlú Oǹdó

Òótọ́ ni pé omi kì í jẹ fáínìlì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ rò. Omi tó bá há sábẹ́ rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbájáde. Abẹ́ rẹ̀ yóò bu, òórùn rẹ̀ yóò sì gba yàrá kan. Ẹ má jẹ́ kí ìyá máa mí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú.

Bíríkìlà kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ìyẹ̀fun funfun yẹn ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn: omi ń gba inú búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré kọjá, ó ń yọ́ iyọ̀ inú wọn, bí omi náà bá sì gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ yóò ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ní Àkúrẹ́ wa yìí, òkúta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Òjò tó bá rọ̀ sí ibi gíga kì í ríbi rì sí, orí òkúta ni yóò máa bá ṣàn títí yóò fi kan ìpìlẹ̀ ilé tó bá pàdé lọ́nà. Nítorí náà, ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wa ilẹ̀ tó ga yẹn kúrò lára ògiri, ẹ la gọ́tà tí yóò gba omi lọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ máa dà sí ẹsẹ̀ ilé. Bí balùwẹ̀ bá wà lẹ́yìn ògiri náà, ẹ yẹ páìpù rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ínǹṣì 18, kí ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ẹ ṣe é ní igun ẹ̀yìn, ní àárín, àti lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn kì í ta sí. Bí ẹ bá ṣí i tí ìrì sẹ̀ sí abẹ́ náílọ́ọ̀nù, tàbí tí kọnkéré ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, omi ṣì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Àsìkò òjò ni kí ẹ dán an wò o, nítorí ilẹ̀ tó gbẹ nígbà ọyẹ́ lè tutù padà bí òjò bá dé.

Ní ti ìtẹ́jú, ẹ fi réńjì gígùn, ọ̀pá títọ́ tí bíríkìlà fi ń wo ìtẹ́jú, lé ilẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wò ó: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ ti rì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fáínìlì kò fẹ́ kí àlàfo náà ju nǹkan bíi mílímítà 5 lọ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ lọ ibi tó wú mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí ẹni tó ń lọ̀ ọ́ sì bo imú rẹ̀ dáadáa, nítorí eruku kọnkéré ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ibi tó bá rì jìn, ẹ sá a, ẹ gbá a mọ́, ẹ rin ín, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì tó ki bí ọ̀dà pa á, kí ẹ tó fi sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́ta dí i. Èyí tí kò jìn kò gba sìmẹ́ńtì àti yanrìn, torí pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ yóò fọ́. Àpòpọ̀ olómi tó máa ń tẹ́ ara rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì kọ́kọ́ kun ilẹ̀ náà ní ohun tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Alágbàká

Ẹ̀gbọ́n, ṣé fóòmù tó nípọn tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ fáínìlì kò lè bo gbágungbàgun yẹn, kí wọ́n má baà náwó tó bẹ́ẹ̀?

Bíríkìlà, Òkè-Àró

Rárá o, àbúrò. Bí fóòmù bá rọ̀ jù, pákó yóò máa rì bí ènìyàn bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ibi tí wọ́n ti há mọ́ra yóò sì ya. Ìyá ni yóò fi ẹsẹ̀ kọ ọ́.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, bàbá. Bí a bá ṣe gọ́tà tán tí ọ̀rinrin kò lọ ńkọ́? Ṣé a óò fọ́ gbogbo ilẹ̀ ni?

Bíríkìlà, Òkè-Àró

Bí ó bá ku ọ̀rinrin díẹ̀, tí omi kò sẹ̀ jáde, ẹ lè tẹ́ náílọ́ọ̀nù líle tó nípọn tó mílímítà 0.15, kí ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ gun ara wọn ní ínǹṣì 8, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Pákó tó ń há mọ́ra nìkan ni èyí wà fún, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń sun jáde lójú yín, náílọ́ọ̀nù kò lè dá a dúró, ẹ má tẹ́ ohunkóhun lé e. Nígbà náà ni a óò máa sọ̀rọ̀ fífọ́ ilẹ̀. Ibi tí ẹ bá dí, ẹ fún un láyè kí ó gbẹ, nǹkan bí oṣù kan fún ínǹṣì kan tó bá nípọn, kí ẹ sì tún fi náílọ́ọ̀nù dán an wò.

Ìyá kan, ìlú Oǹdó

Kí ẹ tó da àpòpọ̀ kankan, ẹ wọn abẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí ilẹ̀ yóò ga sí i, ilẹ̀kùn lè máa há. Bí yàrá bá sì wá ga ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dà á ní dagẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ìyá má baà kọsẹ̀.