Ṣé ó yẹ kí ọmọ ọdún 15 wo Table No. 21? Mo ń fẹ́ èrò ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó

Ìyá Àkọ́bí (olùbéèrè):

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 15, tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé rẹ̀, wà nílé fún ìsinmi, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wo fíìmù Híńdì kan tó ń jẹ́ Table No. 21. Mo kọ́kọ́ wò ó dé òpin kí n tó dá a lóhùn, láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò sì ti balẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ mọ bí ó ṣe parí, kí ó jọ̀wọ́ má ka ọ̀rọ̀ mi kọjá ibí yìí.

Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013 ni fíìmù náà jáde, Aditya Datt ló sì darí rẹ̀. Tọkọtaya kan, Vivaan àti Siya, jẹ ẹ̀bùn ìrìn-àjò lọ sí Fíjì, wọ́n sì lọ síbẹ̀ láti ṣe àjọyọ̀ ìgbéyàwó wọn. Níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Khan ti pè wọ́n sí ìdíje kan, tó ṣèlérí mílíọ̀nù 210 owó rúpì fún wọn bí wọ́n bá borí. Wọn yóò dáhùn ìbéèrè mẹ́jọ nípa ìgbésí ayé ara wọn, ẹ̀rọ tó ń dá irọ́ mọ̀ yóò máa ṣọ́ wọn, wọn yóò sì máa ṣe iṣẹ́ tí Khan bá yàn tẹ̀ lé ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó bá parọ́ yóò kú. Ìgbádùn ni gbogbo rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ náà ń burú sí i títí tí wọ́n fi ní kí Vivaan lọ pa ènìyàn. Ìgbà tó wọ yàrá ẹni náà ló tó rí i pé Akram ni, ọmọ Khan, tí òun, Siya àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn fìyà jẹ nígbà tí gbogbo wọn wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, débi pé ọpọlọ ọmọ náà dàrú, kò sì padà bọ̀ sípò mọ́.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé fún èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà ni mo fi ń gbàdúrà kí tọkọtaya náà bọ́ lọ́wọ́ Khan, àfi ìgbà tí ìdí ọ̀rọ̀ jáde tí n kò mọ ẹni tó yẹ kí n káàánú mọ́. Ṣé ọmọ tó ń gbé láàárín àwọn sẹ́níọ̀ yóò rí bí ìwà ìkà ṣe ń ba ayé ẹni jẹ́, àbí ohun tí yóò mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀san ni ọ̀nà tó tọ́? Bàbá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ wò ó rárá, nítorí ìyà àti ìtìjú tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́:

Ìyá wa, ẹ kú àmójútó ọmọ. Mo ṣe alábòójútó ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà n ó sọ èrò mi láìfepo-bọyọ̀: ẹ jẹ́ kí ó wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í.

Bí fíìmù yẹn ṣe fi àwọn tó hùwà ìkà hàn ni mo fẹ́ kí ọmọ náà rí. Vivaan àti Siya kì í ṣe jàǹdùkú. Ọmọ dáadáa ni ẹnikẹ́ni tó bá pàdé wọn yóò pè wọ́n, wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ọ̀rọ̀ Akram kò sì sí lọ́kàn wọn rárá títí Khan fi dì wọ́n mú. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, tótó ó ṣe bí òwe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo bá wí nítorí pé wọ́n fìyà jẹ ọmọ kékeré ni kò gbà rárá pé ìkà ni àwọn ṣe. Wọ́n ní eré ni, wọ́n ní wọ́n ṣe é fún àwọn náà nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Fíìmù yìí mú kí a kọ́kọ́ fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó tó sọ ohun tó ti ṣe fún wa, n kò sì mọ ìwàásù tó lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ ọdún 15.

Olólùfẹ́ Fíìmù Íńdíà:

Òtítọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ, síbẹ̀ mo ní ẹ̀sùn kan sí fíìmù náà, kì í sì í ṣe ẹ̀sùn kékeré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin Paresh Rawal tó ṣe Khan. Apanilẹ́rìn-ín ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n níhìn-ín ohùn jẹ́jẹ́ àti ẹ̀rín músẹ́ ló fi ń dẹ́rù ba ènìyàn. Rajeev Khandelwal àti Tena Desae náà ṣe dáadáa gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà falẹ̀ díẹ̀ lójú mi. Bí ó bá sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé Fíjì ni wọ́n lọ, àwọn ọmọ Íńdíà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ṣiṣẹ́ oko ìrèké níbẹ̀ láti ọdún 1879 títí di 1916 ni baba ńlá ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀, èdè Híńdì kò sì ṣàjèjì sí wọn.

Ẹ̀sùn mi ni pé ìjìyà Vivaan àti Siya ló gba àkókò fíìmù náà, nígbà tó bá sì kan Akram, ó ti kù díẹ̀ kí fíìmù parí, ẹnu bàbá rẹ̀ la sì ti ń gbọ́ ìtàn rẹ̀. Khan nìkan ló ro ẹjọ́, òun ló dá a, òun náà ló sì mú ìyà rẹ̀ ṣẹ, láìsí ẹni tó bi wá ní ohun tí Akram fúnra rẹ̀ ì bá fẹ́. Ọmọ tó bá dá wò ó lè gbàgbé Akram, kí ó sì máa rántí ọgbọ́n tí Khan fi dẹ pàkúté náà nìkan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè nípa Akram.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ẹ jọ̀wọ́, ìyá wa, kí ẹ tó pinnu lórí fíìmù, ẹ bi ọmọ náà ní ìdí tó fi fẹ́ wò ó, kí ẹ sì fún un láyè láti dáhùn láìkánjú. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí ìsinmi bá ti ń parí ni a máa ń rí àwọn ọmọ tí orí ń fọ́ tàbí tí inú ń run, tí a ó sì yẹ̀ wọ́n wò láìrí àìsàn kankan, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rù àtipadà sí ilé ìwé ló ń bà wọ́n. Ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ kì í sábà sọ ọ́ tààrà, pàápàá ọmọkùnrin. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ sí, n kò gbà kí ó rí fíìmù náà nísinsìnyí, nítorí pé wíwo bí wọ́n ṣe ń bọ́ iyì ènìyàn díẹ̀díẹ̀ lè dá kún ẹ̀rù tó ti wà lára rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa ẹ̀san tí ìyá wa béèrè. Abala 21 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Íńdíà ni orúkọ fíìmù náà tọ́ka sí, èyí tó sọ pé a kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí tàbí òmìnira ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ àyàfi ní ìlànà tí òfin là sílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀ ti ka irú ìyà tí wọ́n fi jẹ Akram, tí wọ́n ń pè ní ragging, léèwọ̀ láti ọdún 2001. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 2009, Aman Kachroo, ọmọ ọdún 19 tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh, kú lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú rẹ̀ lù ú. Bàbá rẹ̀ kò dẹ pàkúté fún ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo lòdì sí ìwà náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin nítorí ikú Aman. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2009 sì mú kí akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí máa fọwọ́ sí ìwé ìbúra lórí ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ lè pè tọ̀sán-tòru.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá wo Khan, ẹ sọ ti bàbá Aman fún un pẹ̀lú. Ìbínú Khan yé mi dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ohun tó ṣe ní Fíjì gbà sílẹ̀.

Ìyá Àkọ́bí:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo tẹ̀ lé ìmọ̀ràn Nọ́ọ̀sì, mo bi í léèrè ní alẹ́ àná. Ó dákẹ́ títí, kí ó tó sọ pé àwọn sẹ́níọ̀ kan ní ibùgbé wọn ti sọ fíìmù náà di eré alẹ́: wọ́n á pe ọmọ kékeré kan síwájú, wọ́n á bi í nípa ilé wọn àti nípa ohun tó ń tì í lójú, bí wọ́n bá sì ní ó parọ́, wọ́n á fìyà jẹ ẹ́. Wọn kò tíì pe òun. Ó fẹ́ wo fíìmù náà kí ó lè mọ irú ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ènìyàn, kí ó sì ti múra sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà gbọ́ ọ, kò sì lè jẹun mọ́. Báwo ni a ṣe lè gbé e dé ilé ìwé láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ wa ló sọ̀rọ̀?

Bàbá Olùkọ́:

Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìwọlé. Ẹ wá òbí mìíràn tí ọmọ wọn wà ní ibùgbé kan náà, kí wọ́n bi ọmọ tiwọn léèrè, kí ẹ sì jọ lọ, nítorí pé bí ẹjọ́ bá ti ẹnu òbí púpọ̀ jáde, kò sí ọmọ kan tí wọn yóò nàka sí. Ọ̀gá ilé ìwé gan-an ni kí ẹ rí. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé, kí ẹ mú ẹ̀dà kan pamọ́, kí ẹ má sì dárúkọ ọmọ kankan nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ń sùn sí ibùgbé náà lálẹ́. Bí kò bá sí àgbàlagbà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin:

Ẹ tọ́ka sí Abala 34 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, tó dáàbò bo iyì ọmọ ènìyàn, àti Abala 11 òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé fèsì, ní ọjọ́ tí ẹ bá dá fún wọn.

Ìyá Àkọ́bí:

Òbí méjì ti gbà láti bá wa lọ, ọmọ ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́wọ́ pé wọ́n ti pe òun síwájú rí. Ọjọ́ Ajé ni a ń lọ. Bàbá ọmọ mi ti gbà pé àwọn méjèèjì yóò jọ wo fíìmù náà lẹ́yìn ìgbà náà, n kò sì ní fi wọ́n sílẹ̀ láìsọ ti bàbá Aman. Bàbá Olùkọ́, n ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ òní, kí ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fọwọ́ sí i.